Ọdẹ́jìmí àti Àwọn Ọmọ Odó Ìyá Pátákó

Ẹ fà mọ́ra, ẹ fà mọ́ra! Ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri lọ́hùn-ún, ẹ gbé àpótí yín wá síhìn-ín. Ẹni tó bá jìnnà sí ìtàn, etí àyálò ni yóò fi gbọ́ ọ, etí àyálò kì í sì í gbọ́ adùn. Ṣé ẹ ti gbé iṣu kaná? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí iṣu máa hó nínú ìkòkò, kí ọ̀rọ̀ máa hó lẹ́nu tèmi. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ súnmọ́ mi,
*Ẹni bá jìnnà, ẹ̀yìn ló wà.*
Ọdẹ dé ibi tí ẹsẹ̀ ò dé,
*Ẹni bá jìnnà, ẹ̀yìn ló wà.*

Ọdẹ́jìmí, ọdẹ Ìdí-Osè, ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó béèrè lọ́wọ́ ẹfọ̀n. Ó bá iwin kan jìjàkadì rí, ó gbé e ṣánlẹ̀, ó sì rán an ní omi. Òun fúnra rẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀ o; èmi ò sí níbẹ̀, iwin náà ò sì tíì wá jẹ́rìí. Ohun tí gbogbo Ìdí-Osè lè jẹ́rìí sí ni pé ọkùnrin yìí fẹ́ràn iyán. Bí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bá ti gbá ọmọ odó mú báyìí, Ọdẹ́jìmí á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa gbọ́ bí odó ti ń dún. Ọgọ́ta ọdún ló fi jókòó síbẹ̀. Kò gún iyán rí láyé rẹ̀. Etí ló fi ń gún tiẹ̀.

Àwẹ̀ró wá sùn, ó lọ bá àwọn ìyá rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kó pé ọdún kan, Ọdẹ́jìmí kó àwọn ọdẹ jọ, ó lu àyà: "Lọ́jọ́ ìrántí ìyàwó mi, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọrin fún yín!" Kì í ṣe pé ó fẹ́ bá ikú jà o. Ìbídùn, ọmọ ọmọ wọn tí Ọdẹ́rìndé bí, tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú káàkiri ìlú, ti ya ìyá àgbà nígbà tó wà láyé, bó ti ń gún iyán, bó ti ń kọrin, bó ti ń bú ewúrẹ́. Fóònù tó fi yà á ti já sínú kànga. Ibi kan ṣoṣo tí ohùn Àwẹ̀ró ṣẹ́kù sí láyé yìí ni inú kọ̀ǹpútà Ìbídùn.

Ìbídùn ní kí kọ̀ǹpútà hun gbogbo àwòrán náà pọ̀ di ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà rò ó títí, ó ní ọjọ́ márùn-ún ni òun máa fi hun ún.

"Márùn-ún kẹ̀?" ni Ọdẹ́jìmí wí. "Ẹ̀rọ nìyí àbí ìgbín?"

"Ó ti gbó ni, Bàbá. Wọ́n ní a lè mú un sáré ju bí ẹni tó ṣe é ti ní kó máa sáré lọ. Ọ̀nà méjì ló wà. A lè tẹ ohun kan lẹ́ẹ̀kan péré, kó máa fúnra rẹ̀ ṣe gbogbo ètò. A sì lè fi ọwọ́ ara wa ṣètò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù àwọn méjèèjì ló ń bà mí. Bí ó bá jó pẹ́nrẹ́n, ohùn ìyá àgbà bá a lọ nìyẹn."

"Níbo ni wọ́n ti ń ṣe ètò náà?"

"Lára pátákó kan tó wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìyá pátákó ni wọ́n ń pè é."

Ọdẹ́jìmí dìde dúró. "Ìyá? Ìyá jókòó sínú ilé, ẹ̀ ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ síṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà, kò sì sí ẹnì kan tó wọlé lọ kí i?"

"Bàbá, kì í ṣe irú ìyá yẹn—"

"Irú ìyá wo ni kì í ṣe irú ìyá yẹn?"

Páálí tí wọ́n fi gbé pátákó náà wá látijọ́ wà nílẹ̀, wọ́n ya ẹkùn kan sí i lára tó ń yọ iná lẹ́nu. Ọdẹ́jìmí wo ẹkùn náà, ó mi orí. "Mo mọ ọmọkùnrin yìí," ló wí. Irọ́ ló pa. Ó wọ gbérí ọdẹ, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó pe ọfọ̀ tó ń sọ àgbà di kékeré, ó sì gba ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lẹ́yìn kọ̀ǹpútà wọlé. Ẹ má bi mí bí ọkùnrin tó ga tó férémù ilẹ̀kùn ti ṣe gba ibẹ̀. Ìtàn ni mò ń pa, n kì í ṣe télọ̀ tó ń wọn ènìyàn.

Igbó Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ já sí. Ìjì gbé fìlà rẹ̀ lọ. Ebora kan wà ní àárín igbó náà, ọwọ́ méje ló ní, kò ní ẹsẹ̀ kankan, ó ń yípo yípo lójú kan bí ẹni tó ń wá ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Ta ni ìyẹn?" ni ebora náà pariwo. "Èmi Ọlọ́wọ́-Méje, mo ń sáré láti àárọ̀, n kò kúrò lójú kan! Bí o bá fẹ́ kọjá, já àlọ́ mi. Kí ni à ń fún ẹni tí nǹkan gbóná fún, tí a kì í fi igbá bù, tí a kì í fi ọwọ́ gbé?"

Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, wàá dúró síbẹ̀ títí irùngbọ̀n á fi hù ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni Ọdẹ́jìmí ò ti ki òkèlè iyán gbígbóná bọ ẹnu kó tó tutù? Ó ya ẹnu, ó fẹ́ ẹ: "Fùúù!"

"Atẹ́gùn ni!" Ọlọ́wọ́-Méje rẹ́rìn-ín, igbó mì. "Kọjá, ọmọ ọlọ́jẹun. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: ooru ni ikú ìlú tó wà níwájú. Agbára mi ní ìwọ̀n. Iná tí wọ́n bá dá kọjá mi, mi ò lè fẹ́ ẹ pa."

Ó dé ìlú náà. Ilẹ̀ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé kókò, bàbà ni wọ́n fi la ọ̀nà rẹ̀. Èrò pọ̀ lẹ́nu ibodè, wọ́n yí ẹkùn kan ká, ẹkùn inú páálí gan-an, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èrò ń kì í:

"Tẹ̀ẹ́lẹ́ẹ̀kan! Ẹkùn tí kì í wo ilẹ̀ kó tó fò! Tẹ̀ẹ́lẹ́ẹ̀kan, má jẹ́ á ronú mọ́!"

Ọdẹ́jìmí ti na ìbọn kó tó kíyè sí i pé ẹkùn yìí ò ní òórùn. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ́ ọ. Páálí ni. Ó rọra gbé ìbọn sílẹ̀. Ojú ti ìbọn.

"Àgbà ọdẹ," ni Tẹ̀ẹ́lẹ́ẹ̀kan wí, "iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lo gbé wá, mo ti mọ̀. Ọjọ́ mélòó lo fẹ́?"

"Bó bá jẹ́ mẹ́rin, ó tó mi."

"Mẹ́rin! Ẹ gbọ́ o! Ṣé wọ́n ń fi mẹ́rin yangàn ni? Ọjọ́ kan ni màá fi ṣe é! O ò ní gbé ọwọ́, o ò ní gbé ẹsẹ̀, o ò ní bi mí ní nǹkan kan."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìgbéraga mọ ilé ìgbéraga. Ọdẹ́jìmí rí ara rẹ̀ láàárín àwọn ọdẹ, ó ń sọ fún wọn pé ọjọ́ kan lòun fi mú ọjọ́ márùn-ún so lókùn. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbàgbé pé ìyá ni òun wá kí.

"Tẹ̀ ẹ́," ló wí.

Tẹ̀ẹ́lẹ́ẹ̀kan fi èékánná páálí tẹ òkúta kan. Nígbà náà ni Ọdẹ́jìmí rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ ìlú náà. Ní gbàgede ìlú, odó kan wà tó tóbi tó ilé, àwọn ọmọ mẹ́jọ yí i ká, ọmọ odó kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ tí ayé bá rán sí kọ̀ǹpútà, inú odó yìí ni wọ́n ń dà á sí, àwọn ni wọ́n ń gún un. Iná sì ni oúnjẹ wọn, bí ẹ̀kọ ti jẹ́ tiwa. Tẹ̀ẹ́lẹ́ẹ̀kan ò wo èyí tó sanra, kò wo èyí tó rù. Ó da iná sí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́nu títí ó fi dé ọrùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gún! Ọmọ odó ń fò bí ìgbà tí òjò yìnyín bọ́ sórí páànù. Láti inú àká tí wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ sí, ohùn Àwẹ̀ró dìde, ó ń kọrin, ó dùn, ó ń yára, ó ń yára sí i. Èrò ń pàtẹ́wọ́. Ooru sì ń gòkè. Láti inú igbó, Ọlọ́wọ́-Méje ń ké pé, "Ó ti kọjá mi! Ó ti kọjá mi o!"

Ọmọ kẹjọ, Àbígbẹ̀yìn, ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ohùn Àwẹ̀ró há: "Gún un, gún un, gún— gún— gún— gún—" bí ẹni tí eegun há lọ́fun. Àbígbẹ̀yìn ṣubú lulẹ̀, ojú ọ̀run gbogbo sì di aró, aró dúdú bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aláró, àwọn lẹ́tà funfun kan sì jáde sí i lára tí ẹnì kankan ò lè kà. Ilẹ̀ ṣú.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ohun gbogbo ti padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n gún, òfo. Tẹ̀ẹ́lẹ́ẹ̀kan ti dúró sórí òkúta rẹ̀.

"Ẹ kú orí ire!" ló wí. "Ẹ rí bó ti yára tó kó tó bàjẹ́? Àbígbẹ̀yìn ló fà á, orí rẹ̀ ni ò da. Ẹ jẹ́ ká tún un tẹ̀!"

Àwọn èrò tún pàtẹ́wọ́. Irú wọn ò wọ́n láyé wa níbí náà. Mo mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

Ohùn kan wá dún láti ẹ̀bá odó: "Ọdẹ, ṣé èmi náà lo wá kí, àbí páálí?"

Ìyá arúgbó kan ló jókòó síbẹ̀, ilà bàbà kún ojú rẹ̀ bí ẹgbẹ̀rún, ó gbé orí Àbígbẹ̀yìn lé itan, ó ń fi ìṣẹ́tí ìró nù ún lóòógùn. Ìyá Pátákó nìyẹn. Ọdẹ́jìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìbọn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ kú ilé. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo ṣìnà lẹ́nu ibodè ni."

"Àgbà tó ń rí iwin rán ní omi ni páálí wá tàn jẹ." Ìyá náà mọ gbogbo rẹ̀! "Dìde. Ohùn ta ni ìyẹn nínú àká mi?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ojú ọ̀run ti di aró lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún di aró, àká á ya, ohùn náà á fọ́nká, kò sì sí ẹni tí yóò tún un kó jọ."

Lójú Ọdẹ́jìmí, ó dà bí ẹni pé wọ́n tún fẹ́ sin Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ jẹ́ kí n yin ẹkùn páálí yìí níbọn," ló wí.

"Fi í sílẹ̀. Kì í ṣe olè. Ẹni tó bá fẹ́ sáré díẹ̀, tí kò ráyè, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì le, ó lè tẹ̀ ẹ́, kó sùn. Ìbẹ̀rù ló ń ṣe páálí náà. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé ebi ló mú ọmọ kan ṣubú, ló fi ń bọ́ gbogbo wọn yó kọjá ọrùn. Bóyá o máa jó ni o, bóyá o máa yó ni o, kò mọ̀ ọ́n. Òun ò mọ orúkọ ọmọ mi kankan. Ó yá, dá mi lóhùn: ọmọ mẹ́jọ, ìyá kan, inú kan, ọjọ́ kan. Èwo nínú wọn lo máa wò kí o tó sọ bí ìlú ṣe máa sáré tó?"

Ọdẹ́jìmí yẹ̀ wọ́n wò. "Èyí tó sanra jù."

"Irọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ máa ṣubú ni òṣùwọ̀n. A ò mọ ibi olórí gbé yan orí, à bá lọ yan tiwa. Àbígbẹ̀yìn ni kí o máa wò. Ọjọ́ mélòó lo sì fẹ́ dín nínú márùn-ún?"

"Ọjọ́... ọjọ́ kan péré, ìyá."

"Ọjọ́ kan péré! Nítorí ọjọ́ kan péré lẹ ṣe fẹ́ pa ọmọ mẹ́jọ fún mi?"

Ojú ti Ọdẹ́jìmí débi pé ó ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Pátákó ní, "Orin ni wọ́n fi ń gún un. Bí orin bá yá, ọwọ́ wọn á yá. Fi díẹ̀ kún orin, kí o dúró. Fọwọ́ kan odó, kí o mọ bó ṣe gbóná tó. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá gbọ̀n, fún un ní ṣíbí iná kan, má fún un ní igbá kan. Bí odó bá jó ọ lọ́wọ́, dá orin padà. Ó yá, lé e."

"Orin kẹ̀? Ẹnu mi ni orin ti jáde láyé!" ni Ọdẹ́jìmí wí, ó ti gbàgbé ìtìjú. Ó gbọnra, ó gbé ìjálá sókè, ó ki ẹfọ̀n, ó ki ìgalà, ó fà á gùn, ó gé e kúrú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gún iyán, ẹ sọ fún mi: ta ni ó lè fi ìjálá gún iyán? Ọmọ odó mẹ́ta kọ lu ara wọn lókè. Ìkan gbá ọmọ kẹta níwájú orí. Ọmọ kẹrin jókòó sílẹ̀, ó ń gbọ́ ìtàn ẹfọ̀n. Àwọn èrò Tẹ̀ẹ́lẹ́ẹ̀kan fi ẹ̀rín dùbúlẹ̀.

Ọdẹ́jìmí dákẹ́. Ó fà sẹ́yìn, ó rí òkúta kan, ó jókòó lé e, ó fọwọ́ lẹ́rán. Bó ti fọwọ́ lẹ́rán báyìí, ara rẹ̀ rántí. Ọgọ́ta ọdún lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná! Orin Àwẹ̀ró wá bá a fúnra rẹ̀, bó ti ń bá a látijọ́, láti inú ikùn:

Gún un, má wo ọ̀nà,
*Pó-kí-pó.*
Gún un, má jẹ́ ó ní kókó,
*Pó-kí-pó.*
Ẹni ebi ń pa ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà,
*Pó-kí-pó.*
Etí rẹ̀ gùn ju ẹnu rẹ̀ lọ,
*Pó-kí-pó.*

Àwọn ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbé e! Ọmọ odó ń lọ, ọmọ odó ń bọ̀, kò sí èyí tó kan èkejì. Ọdẹ́jìmí fi díẹ̀ kún orin. Ó dúró. Ó fọwọ́ kan odó: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó tún fi díẹ̀ kún un. Ó wo Àbígbẹ̀yìn, orúnkún rẹ̀ gbọ̀n. Ó bu ṣíbí iná kan fún un, orúnkún dúró. "O ṣeun, bàbá," ni ọmọ náà wí. Ó tún fi kún un. Odó gbóná, ó dá orin padà sẹ́yìn ìdajì, Ọlọ́wọ́-Méje mí kanlẹ̀ nínú igbó, odó rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, bí ejò tó ń gun àgbọn. Ọjọ́ márùn-ún di mẹ́rin ààbọ̀. Ààbọ̀ yọ kúrò, ó ku mẹ́rin géérégé.

"Ìgbín!" ni Tẹ̀ẹ́lẹ́ẹ̀kan ń pariwo. "Láti ìgbà tó ti ń kọrin, mẹ́rin! Ọkùnrin ni ẹ́ àbí o kì í ṣe ọkùnrin? Fi ẹyọ kan kún un!"

"Ẹyọ kan sí i!" ni àwọn èrò ń kọ. "Ẹyọ kan sí i!"

Wọ́n mọ ibi tó ń dun ọdẹ. Ọ̀kan péré! Ó rí ara rẹ̀ tó ń sọ fún àwọn ọdẹ pé mẹ́ta lòun fi ṣe é. Ó ya ẹnu láti gbé orin náà sókè. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ nǹkan kan. Ohùn ọmọ odó Àbígbẹ̀yìn ti yí padà. Kì í ṣe "pó" mọ́. "Kó" ló ń dún.

Ẹ̀yin obìnrin ilé yìí, ẹ mọ "kó". Nígbà tí iyán bá ti kúnná tán, tí ọmọ odó ń wá ìdí odó kàn, "kó" ló ń ké. Bí Àwẹ̀ró bá ti gbọ́ ọ, á gbé ọmọ odó sókè, á ní, "Ó tó." Ọdẹ́jìmí ò mọ iyán gún, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó mọ̀ láyé tó "kó", òun ni ìró tó máa ń gbọ́ kó tó lọ ṣan ọwọ́. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti dìde fúnra rẹ̀, ó ń wá omi tí yóò fi ṣanwọ́.

Ó pa ẹnu dé. Ó dá orin padà ìwọ̀n èékánná kan. "Kó" di "pó".

"Ó tó," ló wí.

"Ó tó ṣe kí ni?" ni Tẹ̀ẹ́lẹ́ẹ̀kan bi í.

"Ó tó mi."

Ìyá Pátákó rẹ́rìn-ín, gbogbo bàbà ojú rẹ̀ tàn. Ó ní kí Ọdẹ́jìmí má tíì lọ, pé iṣẹ́ tó dúró ṣinṣin fún ìṣẹ́jú kan péré kò tíì dúró. Ọdẹ́jìmí jókòó ti odó náà láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn ìlú náà fi wọ̀, ó ń kọrin, ó ń fọwọ́ kan odó, ó ń wo Àbígbẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó ṣubú, àwọn ọmọ sì ti mọ orin náà fúnra wọn. Nígbà náà ló dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, ó béèrè orúkọ àwọn ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó fi kí wọn, ó sì gba ihò atẹ́gùn padà sílé. Ọlọ́wọ́-Méje ju fìlà rẹ̀ lé e lórí bó ti ń kọjá.

Ọjọ́ kan ìlú yẹn kò ju kí ènìyàn ta ìka lọ lọ́dọ̀ wa. Ìbídùn ṣì dúró síbi tó wà, ọwọ́ sì wà ní ẹnu rẹ̀.

"Bàbá! Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin! Kí lẹ tẹ̀?"

"N ò tẹ nǹkan kan. Mo kí ìyá wọn."

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìrántí ni kọ̀ǹpútà parí iṣẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ò gbóná ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Àwọn ọdẹ jókòó, àwọn obìnrin ti gbé odó mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé, iṣu ti jinná. Ọdẹ́jìmí ti ń ròyìn: ó ti sọ fún wọn pé ẹkùn tòótọ́ lòun bá pàdé, kì í ṣe páálí. Àwẹ̀ró wá yọ sára aṣọ náà, pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, pẹ̀lú gèlè rẹ̀ tó wọ́. Ó ń gún, ó ń kọrin, *Etí rẹ̀ gùn ju ẹnu rẹ̀ lọ*, àwọn obìnrin ẹ̀yìnkùlé sì gbé ọmọ odó tiwọn, wọ́n ń bá a gbè é, *pó-kí-pó*, títí a ò fi mọ èyí tó jẹ́ ti alààyè àti èyí tó jẹ́ ti òkú mọ́. Lára aṣọ, ọmọ odó ké "kó". Àwẹ̀ró gbé e sókè. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, síbi tí fídíò ò yà dé, ó rẹ́rìn-ín:

"Baba Ọdẹ́rìndé, ẹ tún ti wà níbẹ̀? Ó tó. Ẹ ṣanwọ́, ẹ wọlé wá jẹun."

Ọdẹ́jìmí, tó rán iwin ní omi, dìde dúró láàárín gbogbo ọdẹ. "Mo ń bọ̀," ló dá a lóhùn. Omijé ń ṣàn, ẹ̀rín ń jáde. Ìbídùn bu omi wá, Ọdẹ́jìmí sì ṣan ọwọ́.

Bí wọ́n bá gún iyán nínú odó ewé, ẹni tí yóò yó á yó. Áńbọ̀sì odó mẹ́ta. Àwọn ọdẹ jẹ, àwọn ọmọ jẹ, ewúrẹ́ tí Àwẹ̀ró máa ń bú lá ìdí odó. Kò sí ẹni tó gbé inú òfìfo lọ sílé.

Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ ohun tó ń ké lẹ́yìn ilé yìí? "Kó" ni. Ẹ ṣanwọ́. Bí ẹ bá jẹ tán, kí oníkálùkù gbé àpótí rẹ̀ padà sí ibi tó ti gbé e, kó rọra máa lọ sílé, kó má sáré o: ikùn tó yó kì í sáré ju ìwọ̀n rẹ̀.